Òróró Ojú Gíláàsì Ọkọ̀ Mary Adéṣínà

Bí ẹ bá dé èbúté Ìwòpin tí ẹ sì béèrè Mary, wọn yóò bi yín pé Mary wo. Ẹ má ṣe wáhálà. Ẹ kàn sọ pé obìnrin tó ń wa ọkọ̀, wọn yóò nàka sí i fún yín, nítorí òun nìkan ni obìnrin tó ń wa ọkọ̀ èrò ní èbúté wa. Àwọn obìnrin yòókù tó wà níbẹ̀, ẹja ni wọ́n ń tà, tàbí kí wọ́n jókòó máa dúró de ọkọ̀ bíi tèmi.

Iṣẹ́ tíṣà ló gbé mi dé Ìwòpin. Òdì kejì ọ̀sà ni ilé ìwé tí wọ́n gbé mi lọ, Mary ló sì máa ń fi ọkọ̀ gbé mi lọ, tí yóò gbé mi bọ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, ṣùgbọ́n Tíṣà náà ló ṣì ń pè mí. Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni mí, Aládùúrà ni òun, a sì ti fi ìyẹn ta ara wa lẹ́nu títí ó fi sú wa. Ohun tí kò tíì sú wa láti jà lé lórí ni ìwà rẹ̀ pé kò sí iṣẹ́ tí ọwọ́ òun kò lè ṣe. Bí ẹńjìnnì bá dákẹ́, Mary ni yóò tú u. Bí òrùlé bá ń jò, Mary ni yóò gun àkàbà. Ìgbà kan wà tó fúnra rẹ̀ rán sùtánà funfun tó máa wọ̀ lọ ìsìn. Apá kan gùn ju èkejì lọ, ó sì wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé orí sókè, àfi bíi pé aṣọ àwọn yòókù ni kò gún. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìwà yẹn. Ó sì máa ń bí mi nínú gan-an.

Ọkọ̀ rẹ̀ kò jọ ti ẹnikẹ́ni ní èbúté. Adéṣínà, ọkọ rẹ̀, ló kọ́ ilé sórí rẹ̀. Ó ra bọ́ọ̀sì kan tó ti kú, ó yọ àwọn gíláàsì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó gé pákó yí wọn ká, ó sì tò wọ́n sí apá ọ̀tún àti apá òsì ọkọ̀ kí òjò má bàa máa pa èrò. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tì í sómi, ó ti àtàǹpàkò bọ inú òróró àdúrà, ó sì fa àgbélébùú sí inú gíláàsì kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, bí wọ́n bá ti ti ìsìn dé, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì yóò gbé ìgò òróró, yóò tún àwọn àgbélébùú náà fà. Gbogbo ara ọkọ̀ ni wọ́n ń fi ọṣẹ fọ̀. Ọṣẹ kì í kan ibi tí àgbélébùú wà.

Ojú Adéṣínà ló bí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n yọ ohun funfun tó bo ẹyinjú rẹ̀ kúrò, ó sì ń ríran. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ wá di ọ̀tá rẹ̀. Bí oòrùn bá ti kàn án lójú, omi yóò máa dà, orí yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ débi tí kò ní lè dìde. Dókítà ní ara ojú náà yóò balẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ó máa lo oògùn rẹ̀, kí ó má sì ti ara rẹ̀ mọ́lé, kí ó máa jáde síbi tí ìmọ́lẹ̀ kò ti pọ̀ jù, kí ojú lè tún kọ́ ọ̀sán. Ó ra awò dúdú. Awò dúdú kò gbà á lórí omi, nítorí oòrùn ń ti òkè bọ̀, omi ń dá a padà láti ìsàlẹ̀, ó ń gba abẹ́ awò wọlé. Nígbà tó yá, ó pa awò tì. Ó fi aṣọ nípọn bo fèrèsé yàrá, ó fi ìborùn Mary di ojú, ó sì jókòó. Lálẹ́, kò fẹ́ kí wọ́n tan iná. Mary yóò ti jáde lọ sórí omi ní ìdájí, yóò wọlé nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú, nínú òkùnkùn ni wọ́n ti ń jẹun, nínú òkùnkùn ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni oṣù ń gorí oṣù.

Ẹ̀rù tó ń ba Mary kì í ṣe pé ojú yóò fọ́. Dókítà ti ní kò ní fọ́. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé ọkùnrin náà ti ń fẹ́ràn òkùnkùn. "Tíṣà," ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan, "kì í béèrè ọ̀sà lọ́wọ́ mi mọ́. Kì í béèrè pé ṣé omi kún tàbí ó fà." Adéṣínà yìí ló kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà nígbà tí gbogbo àwọn ọkùnrin èbúté ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ìgbà yẹn gan-an ni ìkórè ìjọ wọn ń bọ̀ ní abúlé tí wọ́n ti bí Adéṣínà ní òdì kejì ọ̀sà. Kò pa ìkórè yẹn jẹ rí. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ní òun kò lọ. Mary ní yóò lọ. Ó ní bí ọkọ òun bá lè jókòó sínú yàrá lọ́jọ́ ìkórè, a jẹ́ pé kò tún sí ohun tí yóò mú un jáde mọ́, òun ó sì ti di opó ẹni tó wà láàyè. Bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn, n kò fi kún un.

Ìlú Abígi ló lọ lọ́jọ́ tí ó rí ohun tó ń wá. Ọkọ̀ jíìpù kan dúró sí iwájú ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, gíláàsì rẹ̀ dúdú. Mary fi iwájú orí ti gíláàsì náà, ó ń wo inú rẹ̀, títí ẹni tó wà nínú rẹ̀ fi yí gíláàsì sílẹ̀ tó bi í pé ṣé kò sí. Ilé mi ló gbà wá tààrà.

"Tíńtì ni màá lẹ̀ mọ́ gíláàsì ọkọ̀," ó ní. "Inú rẹ̀ á ṣókùnkùn níwọ̀nba. Á lè jókòó níbẹ̀ láì di ojú."

Mo ní ọ̀rọ̀ gidi ló sọ yẹn. Mo ní ta ni yóò lẹ̀ ẹ́.

"Kí wo wí?" ó ní. Ìjẹ̀bú la máa ń sọ bó bá ku àwa méjì, pàápàá bí ìjà bá ń bọ̀. "Ta ni wo rò pé ó máa lẹ̀ ẹ́?"

Mo sọ fún un pé ọmọbìnrin kan wà ní Òkè-Àgbò ní Ìjẹ̀bú-Igbó tó mọ iṣẹ́ náà dunjú, òun ló ṣe ti mọ́tò ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, bébà náà kò sì wú, kò bó títí dòní. Mary ní ṣé kí òun ti Ìwòpin lọ Ìjẹ̀bú-Igbó nítorí bébà tí ènìyàn ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Ọmọ rẹ̀ Oríolúwa, tó ń kàwé ní Àgọ́-Ìwòyè, ti fi fídíò ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀. Ó fi hàn mí. Òyìnbó kan wà níbẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín, ó ń lẹ tíńtì mọ́ fèrèsé ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ bí ẹni ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ní òyìnbó yẹn kò sọ iye tó bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ kó tó gbé kámẹ́rà jáde. Mary ní ẹnu mi ni kò dára.

Ó ra bébà tíńtì, ó ra bíléèdì, ó ra ike tí wọ́n fi ń fín omi àti rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń fún omi jáde lábẹ́ bébà. Lọ́jọ́ tí kò gbé èrò, ó so ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ó sì pè mí kí n wá máa di ike omi mú. Mo lọ. Bí mo ti ń bá a jà tó yẹn, n kò lè ṣe kí n má lọ. Ó fi kànrìnkàn àti ọṣẹ fọ àwọn gíláàsì náà, ọwọ́ rẹ̀ sì ń yà níbi tó ti mọ́ ọn lára láti máa yà, ní àárín gíláàsì kọ̀ọ̀kan. Kò rò ó kó tó yà. Èmi náà kò rí i, nítorí ọwọ́ ẹni tó ń fọ nǹkan bó ṣe máa ń fọ̀ ọ́ kì í jọ ẹni lójú. Ó wọn bébà, ó gé e, ó fín omi sí i, ó tẹ̀ ẹ́, ó fún omi rẹ̀ jáde. Gíláàsì àkọ́kọ́ wọ́. Èkejì gún díẹ̀. Nígbà tó fi máa dé apá kejì ọkọ̀, iṣẹ́ náà ti mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí oòrùn ń lọ wọ̀, ọkọ̀ náà dúdú, ó ń dán, ó rẹwà lójú. Mo gbà fún un. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo gbà.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí oòrùn kàn án dáadáa, àgbélébùú jáde sára gíláàsì. Kì í ṣe ọ̀kan o, lára gbogbo wọn ni. Bébà náà wú sókè ní òró, ó wú ní ìbú, gẹ́lẹ́ bí àtàǹpàkò ṣe fà á. Àwọn èrò tó ń dúró láti wọkọ̀ sún mọ́ ọn. Ìyá kan láti inú ìjọ wọn gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja rẹ̀ sílẹ̀, ó fi gèlè bo orí dáadáa, ó sì bẹ̀rẹ̀ orin ìyìn. Ẹni méjì gbè é. Ẹnì kan ti yọ fóònù jáde. Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, ì bá gba ògo náà, kó jẹ́ kí ọkọ̀ òun di ọkọ̀ ìyanu, kí èrò máa ti ara wọn wọ̀ ọ́. Mary wo gíláàsì rẹ̀, ojú rẹ̀ le.

"Ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ yín, Màmá," ó ní. "Iṣẹ́ ìyanu kọ́. Bébà ni kò lẹ̀."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tẹ àwọn ibi tó wú, wọ́n sì padà sílẹ̀. Ó rò pé ó tán. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kí oòrùn tó wọ̀, ó lọ mú ọkọ rẹ̀ ní ilé wọn lẹ́yìn ilé iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ fún ṣíṣe bébà ìkọ̀wé ní Ìwòpin, ó ní kó wá kàn jókòó wò kó tó di ọjọ́ ìkórè. Èmi ni mo di apá kejì rẹ̀ mú. Ìborùn wà lójú rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀. Nígbà tó jókòó tán, Mary ní kó tú u. Ó tú u. Ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kejì, ó wo ilẹ̀ ọkọ̀, omi kò dà lójú rẹ̀. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ rọ̀.

A rìn dé ibi tí ọ̀sà ti fẹ̀. Atẹ́gùn gba ojú ọ̀nà wọlé sínú ọkọ̀, ó wá àwọn ibi tó wú náà rí, ó sì gba ibẹ̀ bó bébà kúrò lára gíláàsì. Ọ̀kan já, òmíràn já tẹ̀lé e, wọ́n ń lu pákó pàpàpà. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, ó bọ́ sí Adéṣínà lójú gbangba. Ó fi orí sáàárín orúnkún rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bò ó, ohùn kan jáde lẹ́nu rẹ̀ tí n kò fẹ́ gbọ́ mọ́. Mary yí ọkọ̀ padà. A gúnlẹ̀, a sì mú un padà sílé. Ní ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, Adéṣínà dúró, ó ti fi ìborùn di ojú padà.

"Mary," ó ní, "wo ti gbìyànjú. Fi mí sílẹ̀ níbi tí mo wà."

Kò bínú nígbà tó sọ ọ́, ìyẹn ló burú níbẹ̀. Mary jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé, ó sì sunkún. N kò rí i kó sunkún rí, kódà nígbà tí ẹńjìnnì rẹ̀ jábọ́ sínú ọ̀sà. Inú mi bàjẹ́, inú sì ń bí mi sí i. Mo jẹ́ kó sunkún tán. Lẹ́yìn náà mo sọ fún un pé ìkórè kù dẹ̀dẹ̀, kò sì sí àyè fún agídí mọ́. Mo ní bí ilẹ̀ bá ti mọ́, Òkè-Àgbò là ń rè. Kò jà. Ó kàn fi etí aṣọ nu imú.

Aqeelah ni orúkọ ọmọbìnrin náà. Ó ti fi ẹ̀yìn híjáábù rẹ̀ bọ inú aṣọ iṣẹ́, ó ń fi ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná tọ bébà mọ́ gíláàsì ẹ̀yìn mọ́tò kan, bébà náà sì ń tẹ̀ sí ibi tó bá fẹ́. Mary dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà bí olùdánwò.

"Ṣé o ti ṣe ti ọkọ̀ ojú omi rí?"

"Rárá, Màmá," ni Aqeelah wí, kò gbójú sókè. "Ṣé gíláàsì gidi ni wọ́n fi ṣe é, àbí ike?"

"Gíláàsì bọ́ọ̀sì ni."

"Ẹ ò tètè wí. Ká ní ike ni, màá ní kẹ́ ẹ jẹ́ kí n rò ó, torí ike ò fẹ́ iná. Bọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe lójoojúmọ́."

Mo rí i pé ìdáhùn náà wọ Mary lára. Ó tú ọwọ́ tó ká mọ́ àyà.

Aqeelah wá sí Ìwòpin ní ọjọ́ tó ṣèlérí. Kò mọ omi wẹ̀, kò sì tijú láti sọ ọ́. Ó ní òun kò ní ṣiṣẹ́ kankan lórí ohun tó ń mì, kí wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà sórí iyanrìn. Wọ́n wọ́ ọ. Ó bó gbogbo bébà tó kù kúrò, ó wọ inú rẹ̀, ó fi ìka kan àárín gíláàsì kan, ó gbóòórùn ìka náà.

"Òróró ni," ó ní.

"Òróró àdúrà ni," Mary dá a lóhùn.

"Ó ti pẹ́ níbẹ̀, ó ti nípọn. Kò sí bébà tó máa lẹ̀ mọ́ èyí, Màmá, ẹ ò báà lo èyí tó wọ́n jù. Àfi ká fọ̀ ọ́ kúrò pátápátá."

Mary wo gíláàsì náà bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń yà níbẹ̀ láti ọdún wọ̀nyí wá. Ó gbé kànrìnkàn, ó nà án sí Aqeelah pé kó fọ̀ ọ́. Aqeelah kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

"Ẹ má bínú, Màmá. Mùsùlùmí ni mí. Àgbélébùú lẹ ní kí n nù nínú ọkọ̀ Aládùúrà yìí. Bí nǹkan bá ṣe yín lórí omi lọ́la, ẹ̀yin lè má sọ ọ́, àmọ́ àwọn ará èbúté á sọ pé láti ọjọ́ tí ọmọ alálùkùráánì yẹn ti nu àgbélébùú ọkọ̀ ni. Ẹ bá mi fọ̀ ọ́. Tó bá ti mọ́, èmi á ṣe ti èmi."

Mo fẹ́ sọ pé kò sí ẹni tó máa sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ èbúté wa.

Bàbá Àkànjí, alàgbà nínú ìjọ wọn, jókòó nítòsí, ó ń tún àwọ̀n ṣe, ó sì ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbé àwọ̀n sílẹ̀. "Mary," ó ní, "ohun tí ọkọ rẹ fi ṣe odi yí ọkọ̀ yìí ká ni wo fẹ́ fi ọṣẹ fọ̀? Wòlíì ìjọ wa ti ré kọjá sí òdì kejì nítorí ìkórè. Dúró dè é kí wo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀."

Bó bá dúró de wòlíì, ìkórè ti kọjá, Adéṣínà sì wà nínú yàrá. Gbogbo wa tó wà níbẹ̀ la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mary kúnlẹ̀ sórí iyanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó pa ojú dé, ó ń gbàdúrà sínú. Nígbà tó dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò ní orúnkún.

"Bàbá, ẹ ṣeun," ó ní. "Òróró ni mo fẹ́ fọ̀. N kò fọ àdúrà kankan."

Ó ki kànrìnkàn bọ inú omi ọṣẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ fẹ́ yà, mo rí i. Ó dá a padà. Ó fọ̀ ọ́, ó fi àtàǹpàkò wò ó bóyá ó ṣì ń yọ̀, ó tún un fọ̀, ó bọ́ sí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Omi ń dà lójú rẹ̀ tó fi ń ṣe é, kò sì dúró nu ún. Èmi náà sunkún, èmi tí mo ti ń fi òróró wọn ṣe ẹ̀fẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dé Ìwòpin. Bàbá Àkànjí wò títí, ó gbé àwọ̀n rẹ̀, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Mary fọ̀ ọ́ tán, Aqeelah fín omi sára gíláàsì kọ̀ọ̀kan, ó ń wò ó bóyá omi yóò ṣàn tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí yóò sá jọ. Ó ṣàn. Ó ní ó mọ́.

Ìjà kejì wá ṣẹlẹ̀. Aqeelah fẹ́ lẹ èyí tó dúdú jù mọ́ gbogbo rẹ̀, títí dé àwọn gíláàsì apá iwájú. Mary ní láéláé. Ó ní iwájú kò ní gba ẹyọ kan, nítorí òpó àwọn apẹja wà nínú omi, tó bá di àṣálẹ́ tí òun kò rí wọn, òun ó gbé èrò kọlù wọ́n. Ó tún ní ọkọ̀ tí wọn kò bá rí ojú ẹni tó wà nínú rẹ̀ lórí ọ̀sà wa láyé ìsinsìnyí, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú omi yóò ka àwọn tó wà nínú rẹ̀ sí ajínigbé. Èyí tó dúdú, ẹ̀yìn nìkan ni kí ó wà, ibi tí Adéṣínà yóò jókòó sí. Ti àárín, kó jẹ́ èyí tó fúyẹ́. Aqeelah rò ó, ó ní bẹ́ẹ̀ ló tọ́, ó sì gé bébà rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo gbádùn ọjọ́ yẹn jù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Mary na ọwọ́ sí rọ́bà tí Aqeelah ń lò, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni Aqeelah ní, "Màmá, ẹ jókòó." Mary sì jókòó. N kò mọ̀ pé mo lè rí irú rẹ̀ láyé. Ṣùgbọ́n nígbà tó ku gíláàsì kan, ti ẹ̀yìn lápá òsì, Aqeelah na rọ́bà náà sí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Ó dúró tì í, ó ń sọ ibi tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ fún un, ó ní kó má ṣe fipá tẹ̀ ẹ́, kó jẹ́ kí omi fúnra rẹ̀ wá ọ̀nà jáde. Mary ṣe é. Lẹ́yìn náà mo wo gíláàsì yẹn dáadáa kí n lè rí ibi tó wọ́. N kò rí ibì kankan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìkórè, Mary ti wọ sùtánà nígbà tí mo dé ilé wọn. Adéṣínà jókòó sínú òkùnkùn rẹ̀. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà, torí mo ti pinnu pé bó bá kọ̀, èmi náà máa dá sí i, kó ṣe ohun tó bá fẹ́.

"Mo ti sọ fún ọ," ni Adéṣínà wí fún Mary.

"Wo ti sọ. Aṣọ rẹ rè é."

Kò na ọwọ́ sí i. "Wọ́n ní wo fọ àwọn àgbélébùú," ó ní. Bàbá Àkànjí ti wá kí i, ìyẹn dá mi lójú.

"Mo fọ̀ wọ́n."

"Ta ló fọwọ́ kàn wọ́n?"

"Èmi nìkan ni mo fọ̀ wọ́n. Mo ti fa òmíràn sára pákó."

Mo ń wò ó pé ọ̀rọ̀ òróró yìí ló máa di ọ̀rọ̀ tí yóò fi jókòó.

"Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fà á," ni Adéṣínà wí, "àdúrà tí mo gbà ni pé kó máa gbé wa lọ, kó sì máa gbé wa bọ̀. N kò gbàdúrà pé kí gíláàsì má mọ́." Ó na ọwọ́ jáde, ó ń wá aṣọ. "Ibo ni wo gbé e sí?"

A mú un dé èbúté pẹ̀lú ìborùn lójú. Oòrùn ti mú, omi ń dán débi tí èmi pàápàá ń fi ọwọ́ síjú. A gbé e jókòó sí ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì apá òsì. Mary tan ẹńjìnnì, a sì kúrò ní èbúté. Bébà kò wú, atẹ́gùn fẹ́ ẹ títí, kò bó. Nígbà tí a dé ibi tí ọ̀sà ti fẹ̀, ibi tí a ti yí padà lọ́jọ́ yẹn, Mary pa ẹńjìnnì. Ó fi ọwọ́ ọkọ̀ sílẹ̀, ó wá sí ẹ̀yìn, ó kúnlẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú sùtánà funfun rẹ̀ lórí pákó tútù.

"Tú u," ó ní.

Ó tú u. Ó pa ojú dé fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó là á. Ó ṣẹ́jú, ó ṣẹ́jú, ó sì là á pátápátá. Kò wo ọ̀sà. Kò wo gíláàsì tí a ti tìtorí rẹ̀ jà. Ojú ìyàwó rẹ̀ ló ń wò. Ó na ọwọ́, ó fi kan irun tó yọ jáde lábẹ́ fìlà sùtánà rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ etí.

"Mary," ó ní, "ìgbà wo ni wo hu ewú?"

"Ìgbà tí wo ò wò mí," ni Mary wí, kò sì gbé orí rẹ̀ kúrò ní ọwọ́ rẹ̀.